Orúkọ Tó Wà Lójú Gìtá

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò, kí ẹ fi Tófúnmi rọ́pò rẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí, bó ṣe gbé gìtá ńlá kan lé orí tábìlì.

Atúngìtáṣe dá gìtá náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló to ìkarahun òkun wẹ́wẹ́ sínú ike dúdú tó ń gba ojú gìtá yẹn lọ́wọ́ èékánná, tó fi kọ ADÉNÍRAN, orúkọ olórin tó ni gìtá náà. Adéníran kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ilé ni, sà."

Ó ní kó jókòó, kò jókòó. Ojú ọ̀nà ló ń wò ṣáá. Atúngìtáṣe ṣe bí ẹni ń wá ṣísẹ́ẹ̀lì tí yóò fi yọ orúkọ náà, ó bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pe Adéníran.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó jí gìtá yín wà lọ́dọ̀ mi ní Ṣómólú níbí."

Adéníran dáhùn pé, "Ọmọ mi Tófúnmi nìyẹn. Èmi ni mo rán an. Jàǹbá ọ̀kadà ṣe mí, wọ́n ti gé ọwọ́ òsì mi; tirẹ̀ ni gìtá náà báyìí. Tètè dá a lóhùn, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ pé èmi nìkan ló fi sílẹ̀ nílé."

Atúngìtáṣe padà wọlé. Ó mú ṣísẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kò lè fi kan ike náà.

"Ṣé o mọ gìtá ta?"

"Rárá, sà. Ọwọ́ bàbá mi ni mo kàn máa ń wò."

Ó mú un jókòó, ó gbé gìtá náà lé e nítan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìka ọmọbìnrin náà sórí okùn, lọ́kọ̀ọ̀kan.