Ohun Tí Salomé Fi Sùtánà Bò

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbede méjì. Ẹ kà á dé ìparí, nítorí ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí jù.

1.
Ní ọdún 1983, Salomé ni aṣáájú akọrin ìjọ aláṣọ funfun kan ní Pira. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Léa, ti wà nílé ọkọ fún ọdún méje láìbímọ. Lọ́dún yẹn, Ọlọ́run dá a lóhùn. Oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́jọ nígbà tí ìkórè ìjọ kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àdìkẹ́, ọmọ Salomé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni wọ́n yàn láti gbé iṣu àkọ́kọ́ wọ ilé Ọlọ́run. Salomé ti fi yangàn káàkiri Pira. Àfi bó ṣe ń wẹ̀ fún ọmọ náà láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, tó rí ìléròrò olómi wẹ́wẹ́ níkùn àti lẹ́yìn rẹ̀. Ara ọmọ gbóná.

Ó mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni dókítà Urbain gun alùpùpù rẹ̀ wá láti Bantè. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní farisẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀gbóná àwọn ọmọdé, ti wọ Lougba tó wà nítòsí wa.

"Ọmọ tó bá ní in, ẹ fi í sílé títí gbogbo èépá rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ aboyún."

2.
"Màmá, ó ń yún mi."

"Panu mọ́! Má ká apá aṣọ rẹ sókè o. Sùtánà bò ọ́ dé ọrùn ọwọ́, ta ni yóò rí i?"

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó rí i. Àdìkẹ́ gbé iṣu wọlé, a kígbe halelúyà. Èmi tí mò ń kọ èyí kígbe tèmi náà.

Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ náà sáré lọ jókòó lé Léa lẹ́sẹ̀, ó fi etí lé ikùn rẹ̀. Salomé ń wò wọ́n. Ó lanu láti pe ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó tún pa á dé, torí pé àwọn èèyàn wà nítòsí.

3.
Lọ́jọ́ kẹtàlá lẹ́yìn ìkórè, Léa bí ọkùnrin. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìléròrò bo Léa fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ akọrin mọ́kànlá dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Àwọn yẹn họra, họra, wọ́n sì gbádùn. Ṣùgbọ́n ìkókó kò lágbára bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ní Ésaïe nígbà tí ìléròrò náà yọ sí i lára. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Savalou, ibẹ̀ ló kú sí.

4.
Urbain padà wá. Ó bi ìyá kọ̀ọ̀kan léèrè ọjọ́ tí àìsàn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ọjọ́ ìkórè ni gbogbo rẹ̀ já sí.

"Ta ló ti ní in lára lọ́jọ́ náà?"

Léa bú sẹ́kún.

"Ẹ má wulẹ̀ wá ẹnì kan. Èmi ni mo lọ ọjà Savalou lọ́sẹ̀ ìkórè, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kí n má lọ; ibẹ̀ ni mo ti kó o. Èmi ni mo pa ọmọ mi."

Salomé ń nu omijé rẹ̀. "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," nìkan ló rí sọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Léa. Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò.

"Léa, kì í ṣe ìwọ. Àdìkẹ́ ló ní in. Mo fi sùtánà bò ó."

"Ẹ rí i, ẹ sì jẹ́ kó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀?"

"Mo rí i."

Léa dìde, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò pe Salomé ní "ẹ̀gbọ́n mi" mọ́. "Ìyá Àdìkẹ́" ló ń pè é, bí gbogbo ará àdúgbò ṣe ń pè é.

Ẹ̀yin òbí, ilẹ̀gbóná ọmọdé kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ fi ọmọ yín sílé. Ẹ sọ fún àwọn tó wà nítòsí, pàápàá aboyún àti ìyá ìkókó. Ìkórè mìíràn ń bọ̀, iṣu mìíràn yóò ta, ṣùgbọ́n Ésaïe kò padà wá. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún wa: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.