Ahọ́n Irin Ẹnu Ọ̀nà

Ní Chengdu, olú ìlú Sichuan ní Ṣáínà, ilé oúnjẹ kankan kò lè ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ àfi tí ahọ́n irin, ẹ̀rọ tí ìjọba fi sí ẹnu ọ̀nà, bá kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ ibẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ojúlówó ọbẹ̀ Sichuan, iná àwọ̀ ewé á tàn.

Láàárọ̀ yìí, màmá mi da ọbẹ̀ tófù oníata sórí ahọ́n náà. Iná pupa ló tàn.

"Àjèjì wà níbí," ni ẹ̀rọ náà wí.

Òfin tuntun ti jáde. Ata pàápàá ti di àjèjì, nítorí òkè òkun ni baba ńlá rẹ̀ ti wá.

Màmá padà sídìí ààrò. Ó fi ọmọrí dé ìkòkò ẹ̀wà kíkan oníata tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì se ọbẹ̀ mìíràn, funfun báláú. Ó bù ú sí ṣíbí, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó da ìyókù sórí ahọ́n.

"Àjèjì ṣì wà níbí."

"Ahọ́n tí kò ní ọ̀fun!" ni mo fi ìbínú pariwo. Àfi bí mo ṣe rí ṣíbí náà. "Màmá, ṣé ẹ fi kan ẹnu ni? Itọ́ yín ló bá níbẹ̀."

"Xiulan, alásè wo ni kì í tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò?" Ó na ṣíbí náà sí mi. "Hunan ni wọ́n ti bí ìyá ìyá mi, kì í ṣe Sichuan."

Mo fọ ṣíbí náà, mo tún ọbẹ̀ bù, mo sì dà á sórí ahọ́n náà láìtọ́ ọ wò. Iná àwọ̀ ewé tàn, ilẹ̀kùn sì ṣí. Àwọn oníbàárà wọlé.

Màmá dúró síta, ó ń bi mí bóyá òun náà lè wọlé.