Àgékù Igi Tó Kẹ́yìn

Gègé ìkọ̀wé méjì tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi igi gbẹ́ ti là mọ́ ọn lọ́wọ́ láti àárọ̀.

Àgékù igi líle kan ṣoṣo ló kù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ tún ti da lẹ́búlẹ́bú igi sí gbogbo ilé! Eré yìí ò tiẹ̀ sú yín?"

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ti há, síbẹ̀ kò dákẹ́.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń bẹ obìnrin yìí pé kó panu mọ́.

Lónìí, omijé ń dà lójú gbẹ́nàgbẹ́nà náà.

"Jọ̀ọ́, máa bú mi lọ."

Lọ́la, dókítà yóò gé gògóńgò ìyàwó rẹ̀ kúrò nítorí jẹjẹrẹ. Kò ní fọhùn mọ́ láéláé.

Obìnrin náà rọra jókòó tì í.

"Ẹ jẹ́ kí gègé mi nípọn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ṣì kù rẹpẹtẹ."