Tata àti Àlejò Tí Kò Ní Ìyẹ́

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí Tata tó ń jẹ ewé.

Ọba kòkòrò ní ilé tí ọmọ ibẹ̀ bá pọ̀ jù ni òun yóò fún ní koríko etí odò. Ogún ni ọmọ Tata, ogún ni ti Ìrẹ̀. Tata wá rí kòkòrò kan tí kò ní ìyẹ́, tó ń yọ́ rìn.

Ó ní, "Ọmọ wa ni. Ìyẹ́ rẹ̀ ni kò tíì hù."

Ìrẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi í ní èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ná."

"Ta ní ń bi ọmọ rẹ̀ ní èèwọ̀?"

Tata mú un relé, ó ń kọrin:

Ọmọ wa dé o,
— Jànjàn kíjàn.
Ìyẹ́ rẹ̀ á hù o,
— Jànjàn kíjàn.

Lọ́jọ́ keje, ọba wá kà wọ́n. Tata àti àlejò nìkan ló jáde, àlejò sì ti sanra.

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

Àlejò dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ewé ni èèwọ̀ ilé wa. Bàbá ò bi mí, ebi sì ń pa mí."

Ọba fún Ìrẹ̀ ní koríko, ó ní kí àlejò lọ dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Tata bá rí ọmọ tí kò ní ìyẹ́, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, á kọ́kọ́ fò sẹ́yìn.

Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ bi Ìrẹ̀. Etí odò ló ń gbé.