Ohùn Tí Àǹtí Yékéyéké Gbà Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́, tàbí ẹni tí ọmọdé máa ń finú hàn, ẹ má fo ìlà kan níbẹ̀.

1.
Obìnrin kan wà tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá ní ilé-ìwé girama kan. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Yékéyéké, torí kò sí ohun tó máa kọ́ wọn tí kò ní béèrè bóyá ó yé wọn yékéyéké. Iṣẹ́ yá a lọ́wọ́, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ó wù ú kó kàwé sí i, ló bá forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí nípa ètò ẹ̀kọ́.

Kò rọrùn. Bó bá ń dáná, fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun náà fẹ́ forúkọ sílẹ̀, bóyá òun á lè máa rí ojú ìyàwó òun.

Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọ̀dọ́ inú kíláàsì náà ń ta á yọ. Wọ́n á sọ̀rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọn á máa yìn wọ́n. Bí òun bá sọ tirẹ̀, "Ẹ ṣeun, mà" ni, wọ́n á sì bọ́ sórí ẹlòmíì.

2.
Nígbà tó kan kí kálukú ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó yan ìdí tí àwọn ọmọ kan fi máa ń pa ilé-ìwé jẹ. Ọmọbìnrin kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìyá Àgbà, torí ìṣe àgbàlagbà tó wà lára rẹ̀. Ó mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i lónìí, wọ́n lè má rí i lọ́la. Àǹtí pè é sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù sórí tábìlì. Ó ní kí òun má baà gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lòun ṣe fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pé etí òun nìkan ló máa gbọ́ ọ.

Ọmọ náà kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó tú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí bàbá àwọn ti kú ni orí màmá òun kò ti fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́. Lọ́jọ́ tí nǹkan náà bá dé sí i, ó máa ń fẹ́ jáde lọ wá ọkọ rẹ̀ ní títì. Òun ló máa ń jókòó tì í, tí á dì í lọ́wọ́ mú títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Bí ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń ta gíláàsì fèrèsé bá gbọ́, wọ́n á wá kó èmi àti àbúrò mi lọ. Ta ló máa wá wà lọ́dọ̀ màmá mi?"

Àǹtí fà á mọ́ra, ó ṣèlérí. Ó tilẹ̀ rò ó pé òun á mú ìyá náà lọ rí dókítà. Àmọ́ ó ní kí òun kọ́kọ́ parí iṣẹ́ kíláàsì ná.

3.
Wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ pamọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé etí ẹlòmíì láìgba àṣẹ. Àǹtí ti ṣe ìdánwò lórí ìlànà yìí, kò sì kùnà ìbéèrè kankan. Ó ti tẹ ọ̀rọ̀ ọmọ náà sórí ìwé, ó ti yọ gbogbo ohun tó lè tú àṣírí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kálukú máa sọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ fún kíláàsì, kó kà á ló kù. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin tó ṣáájú rẹ̀ ṣe tirẹ̀, gbogbo kíláàsì ń pàtẹ́wọ́. Ìlara gbé e wọ̀. Ó rò ó pé ta ló máa sunkún nítorí ìwé kíkà lásán? Ló bá tan ohùn ọmọ náà fún wọn.

Bí ohùn náà ṣe parí, ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Olùkọ́ wọn nìkan ni kò yìn ín. Ó bi í pé, "Ṣé ọmọ yìí mọ̀ pé àwa máa gbọ́ ohùn òun?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé tún ṣe níbẹ̀ yẹn. Ká ní ó sọ pé rárá ni, wọn ì bá pa ohùn náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ ní kíláàsì.

"Ó mọ̀, mà," ni Àǹtí fèsì.

4.
Wọ́n máa ń gba kíláàsì náà sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Obìnrin kan lára wọn, tí àánú ọmọ náà ṣe, gé ohùn rẹ̀ jáde, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan lórí Wáásáàpù. Láti ibẹ̀ ló ti rìn dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta gíláàsì. Kò pẹ́ tó fi dá ohùn ọmọ àbúrò rẹ̀ mọ̀.

Òun àti àwọn ẹbí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn gbé mọ́tò wá láàárọ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú míì, wọ́n ní àwọn á padà wá wo ti ìyá wọn. Kí wọ́n tó padà dé, ìyá ti jáde lọ wá àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dì í lọ́wọ́ mú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá a ní títì. Ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

5.
Àǹtí lọ bá àwọn ọmọ náà kẹ́dùn ní ìlú tí wọ́n kó wọn lọ. Ó bá Ìyá Àgbà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àbúrò rẹ̀ sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó tó bí lọ́mọ, ó ń bẹ̀ ẹ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

"Àǹtí, ṣé ẹ ń gba èyí náà sílẹ̀ ni?"

Ọkọ Àǹtí, tó bá a wá, ló gbé e nílẹ̀.

Nígbà tí irọ́ rẹ̀ tú, wọ́n lé e kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Ilé-ìwé gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ yàrá ìkówèésí. Èyí tó burú jù ni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé náà kò finú han àgbà kankan mọ́. Bí olùkọ́ bá béèrè ìdí tí ojú ọmọ fi wú, ọmọ á ní kò sí nǹkan, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé kún ìwé, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi àṣírí ẹni tó fọkàn tán yín gba máàkì. Bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ ọ́, ẹ pa á mọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kó tó di ohun tí apá ò ká mọ́. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí olùkọ́ tí ẹ mọ̀. Òun la ní kẹ́ ẹ pín, kì í ṣe ohùn ọmọ ọlọ́mọ.