Ọkọ̀ Pàjáwìrì Àwọn Ológbò

Ó di ọjọ́ kọkànlá tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ ní erìgì ìyá Ìbíyẹmí, tí àpá dúdú sì ń yọ káàkiri ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ológbò ilé wọn kò mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì ọrùn tí ìjọba fún un ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láràárọ̀. Bí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bá dín kù, ọkọ̀ pàjáwìrì á dé kó tó lá mílíìkì rẹ̀ tán. Ọmọ ìlú pàtàkì ni ológbò.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìbíyẹmí tú bẹ́líìtì náà, ó so ó mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Màmá, tí wọ́n bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀."

"Ṣé kí n máa ké bí ológbò ni?"

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọkọ̀ fi dé. Dókítà ológbò wo Màmá, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo Màmá. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni ẹni tó bá tan ẹ̀rọ jẹ máa ń lọ.

"Ẹ̀rọ ní ológbò ni," ni dókítà wí. "Ta ni èmi tí mo fẹ́ bá ẹ̀rọ jiyàn? Ẹ rọra gbé wọn wọlé."

Oògùn kan náà ló ń wo àìsàn yìí lára ènìyàn àti ológbò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ dá. Ìwé tí wọ́n fún Màmá lọ sílé ní kó má gun òrùlé mọ́, kí wọ́n sì máa fún un lẹ́ja lójoojúmọ́.

Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sí àpò.

"Ìbíyẹmí, panla ni mo fẹ́."