Tíì Tí Kò Dà

"Má wojú ẹ̀ o! Ilẹ̀ ni kó o máa wò," Thankamma ń kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Òṣèré aláwàdà ni àbúrò yìí, tíréè tíì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà? Nínú fíìmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti gbé tíì fún ọkùnrin tó wá wojú ìyàwó, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò da tíì sí lára. Ṣùgbọ́n òní kì í ṣe fíìmù. Obìnrin náà ti pé àádọ́ta ọdún, Divakaran, olùkọ́ kan tí aya rẹ̀ ti kú, ló sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wá wojú rẹ̀ ní tòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá dà nù ńkọ́?"

"Èmi àtìwọ la jọ máa gbó sínú ilé yìí nìyẹn. Ó yá, lọ!"

Àwọn aládùúgbò tó rọ̀ mọ́ fèrèsé ti fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ó rọra ń gbẹ́sẹ̀ bí alágẹmọ títí ó fi gbé ife lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀.

Divakaran wo ife, ó wo aṣọ funfun tó ró mọ́dìí, ó fajú ro.

"Ṣé kò ní dà ni?" Ó kiwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó fa aṣọ funfun mìíràn yọ. "Mo mà ti mú ìpààrọ̀ wá."

Aláwàdà náà gba ife padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ṣì gbóná," ló wí. "Ẹ jẹ́ ó tutù díẹ̀ ná."